Ọmọ Tí Kò Sunkún Nílé Ìkàwé

Ààyè tí ìwé náà fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ là sílẹ̀ gbayau bí ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú. Inspẹ́kítọ̀ Wúràọlá Fáníyì na ìka kan, ó fi kan ojú pákó náà. Eruku wà lápá ọ̀tún, eruku wà lápá òsì, àárín mọ́ tónítóní.

"Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e," ló wí. "Bó bá ti pẹ́ ni, eruku ì bá ti jókòó síbẹ̀."

Pius, olùtọ́jú ilé ìkàwé Ìdí-Ọsàn ní Ìkẹ́rẹ́, fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò sì tíì pẹ́ tó ti Òde-Èkìtì dé. "Màdáámù, ìwé òfin ìpínlẹ̀ ni o! A kì í yá ẹnikẹ́ni. Ibí ni wọ́n ti ń kà á. Bí ọ̀gá mi bá gbọ́ pé ó sọnù lọ́wọ́ mi, ilé ni mo lọ yẹn."

"Má tíì lọ ulé," ni Bàbá Sàkáríyà dáhùn láti ẹ̀yìn. "Bá mi wá àgbò mi ná."

Okùn ẹran wà lọ́wọ́ bàbá náà, kò sí ẹran lẹ́nu okùn. Àgbẹ̀ ni, ará Ọ̀rún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn géńdé méjì tó wọ aṣọ àwọ̀lékè aláwọ̀ òféèfé bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá wá síwájú ilé rẹ̀. Wọ́n ka ìwé sí i létí, wọ́n ní Ìwé Kẹfà òfin ìpínlẹ̀ fún àwọn láṣẹ láti mú ẹran tó bá ń rìn kiri, wọ́n sì gbé àgbò rẹ̀ lọ. Wọ́n ní láàárọ̀ ọ̀la, gbànjo ni.

Káńsílọ̀ lorúkọ àgbò náà. Bí ènìyàn bá béèrè ìdí, bàbá á ní ó ń jẹ, ó ń sanra, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó ń ṣe fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbò yìí kọjá ẹ̀rín. Hàlímàt, ọmọ bàbá, ti pẹ́ nílé ọkọ kó tó bímọ. Bàbá ti gbé ọwọ́ lé àgbò yìí gan-an lórí, ó ní bí Ọlọ́run bá ṣí ọmọ òun nínú, òun lòun yóò pa ní Iléyá àkọ́kọ́. Ọmọ ti dé. Iléyá ku ọ̀túnla. Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹran mìíràn dí.

Wúràọlá ti sọ fún un pé kí wọ́n lọ ka òfin náà fúnra wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá. Wọ́n dé, wọ́n bá ààyè òfìfo.

"Ẹ jọ̀wọ́, kí n dá sí i."

Ohùn náà ti ẹsẹ̀ fèrèsé wá. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé ni, tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ kó má wá ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ó so táì. Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó dìde. "Òfin, ẹ̀yin ènìyàn mi, òpó ni. Òun ló gbé ọ̀làjú ró. Ẹni tó bá jí ìwé òfin, kì í ṣe ìwé ló jí, ẹ̀rí ọkàn àwùjọ ló gbé sá lọ!"

Wúràọlá kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó gùn ju bó ti yẹ lọ. Bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, ọwọ́ onítọ̀hún ló máa ń wò.

"Ta lẹ rí nídìí rẹ̀, sà?"

"Mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́."

"Ẹ bà á jẹ́. A ó tún un ṣe tó bá yá."

Oyèwọlé rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́yà Ọmọ́rìnsọ́lá. Lánàá, níbí yìí. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì."

*

Àgbàdo sísè ni lọ́yà ń jẹ nígbà tí wọ́n wọlé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wọn wá, ó rẹ́rìn-ín títí hóró àgbàdo fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Lánàá? Kóòtù Adó ni mo wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, adájọ́ gan-an á jẹ́rìí, torí ó bá mi wí. Mi ò sì tíì tẹ ilé ìkàwé yẹn látìgbà tí mo ti bímọ. Ìwé wo ló tilẹ̀ sọnù?"

"Ìwé Kẹfà òfin ìpínlẹ̀."

Lọ́yà dá ẹnu jíjẹ dúró. "Kẹfà ti ibo?"

"Kẹfà tó wà lórí pẹpẹ."

"Inspẹ́kítọ̀, márùn-ún péré ni wọ́n. Ìwé márùn-ún, àti ìwé atọ́ka kan tí ò ní nọ́ńbà. Kò sí Ìwé Kẹfà láyé tí a wà yìí."

Bàbá Sàkáríyà fò dìde. "Urọ́ ni wọ́n pa fún mi nígbà náà!"

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni Wúràọlá wí. Ó yíjú sí lọ́yà. "Òfin ẹran ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

"Ẹjọ́ ilẹ̀ lèmi ń ṣe. Ẹ má gba ẹnu mi gbọ́, ẹ má sì gba ẹnu lọ́yà kankan gbọ́. Ẹ lọ ṣí ìwé atọ́ka. Orúkọ nǹkan tí ẹ ń wá ni kí ẹ wò níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹnìkan pè fún yín. Òun ni yóò júwe ibi tí òfin náà wà."

Obìnrin yìí wu Wúràọlá. Ó mú àgbàdo kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, wọ́n jáde.

Ní ìta, bàbá ò lè dákẹ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ mú àwọn olè yẹn."

"Ibo ni wọ́n wà, Bàbá? A ò mọ̀ wọ́n. Nǹkan méjì ló ń yọ mí lẹ́nu. Kí ló dé tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé fi parọ́ mọ́ obìnrin yìí? Àti pé ohun tí kò sí láyé, báwo lẹnìkan ṣe jí i?"

*

Nígbà tí wọ́n padà, Oyèwọlé ti jáde lọ jẹun. Wúràọlá na ọwọ́ sí pẹpẹ. "Pius, ìwé márùn-ún ni ìjọba tẹ̀. Báwo ni tìẹ ṣe di mẹ́fà?"

Pius rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó tọ́ka sí àwọn bébà pupa tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọn ìwé náà, nọ́ńbà gàdàgbà wà lára wọn, nọ́ńbà àwọn orí inú ìwé sì wà lábẹ́ wọn. "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn máa ń wá, wọ́n á kàn fa ìwé òfin kan yọ láàárín, wọ́n á wá a títí, wọn ò ní rí i. Mo wá fi ìwé atọ́ka ṣe nọ́ńbà kìíní, kí wọ́n lè kọ́kọ́ ṣí i. Ìwé Kìíní ti ìjọba wá di nọ́ńbà kejì, bó ṣe ń lọ nìyẹn títí Ìwé Karùn-ún fi di nọ́ńbà kẹfà."

Wúràọlá jókòó lórí àga kan, ó wo pẹpẹ. Ó dìde, ó lọ jókòó lórí òmíràn. Ní ibì kan, òpó dí i lójú. Níbòmíràn, oòrùn ojú fèrèsé ń ta lójú ìwé, kò jẹ́ kó rí nǹkan. Nígbà tó dé orí àga tí Oyèwọlé fi sílẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Àwọn nọ́ńbà pupa náà kọjú sí i bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.

"Ẹ gbọ́," ló wí. "Ní gbogbo Èkìtì, yàrá yìí nìkan ni Ìwé Kẹfà wà. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn géńdé yẹn kà sí Bàbá létí, inú yàrá yìí ló ti rí i. Ẹ̀yìn ìwé ló sì kà. Bó bá ṣí i ni, á rí i pé karùn-ún ni wọ́n kọ sínú."

"Oyèwọlé!" Bàbá Sàkáríyà ká okùn mọ́wọ́.

"Ẹ rọra. Mo ní èrò, mi ò ní ẹ̀rí. Pius, ṣí ìwé atọ́ka."

Pius ṣí i. Ó fi ìka wá orúkọ ẹran ọ̀sìn, ó rí i. Kò sí nítòsí ìwé tó sọnù rárá. Ìwé Kìíní ti ìjọba ló wà, èyí tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí pẹpẹ pẹ̀lú nọ́ńbà kejì lẹ́yìn. Pius gbé e wálẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá sí Yorùbá tí kò ní wàhálà: òṣìṣẹ́ tó bá mú ẹran gbọ́dọ̀ fi káàdì rẹ̀ han olówó ẹran, ọgbà ìjọba ni wọ́n ń kó ẹran náà sí, wọ́n á kéde rẹ̀, wọ́n á sì fún olówó rẹ̀ láyè láti wá gbà á, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ gbànjo.

"Káàdì wo?" ni bàbá wí. "Wọ́n ò fi nǹkan kan hàn mí àfi eyín!"

"A ò tíì parí," ni Pius wí. "Òfin a máa yí padà." Ó kó àwọn ìwé àtúnṣe tó ń jáde lọ́dọọdún sílẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì fọwọ́ kan òfin ẹran.

"Ó tán nìyẹn!"

"Kò tán," ni Wúràọlá dáhùn. "Ẹni tó mọ irọ́ pa á ní òfin tòun ló wà nínú èyí tó sọnù. Mo fẹ́ dì í mú lójú ìwé tóun fúnra rẹ̀ pè. Pius, ta ló jáde níbí lánàá?"

"Mo yẹ báàgì gbogbo wọn wò, Màdáámù. Kò sí ẹni tí mi ò yẹ̀ wò."

"Ta ni ò ní báàgì?"

"Ìyá kan tó pọ̀n ọmọ ni. Ó ti kọ́kọ́ bi mí bóyá òun lè gbé ìwé lọ, mo ní kò ṣeé ṣe. Nígbà tó ń lọ, mo kí i kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ní Ọlọ́run á wò ó dàgbà, ó ní àmín."

"Ọmọ náà sunkún?"

"Rárá o, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Iná ti lọ nígbà yẹn, fáànù ti dúró, gbogbo wa ń làágùn, ọmọ yẹn ò mira."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀?"

"Ọmọ tí wọ́n bá pọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. O rí ẹsẹ̀?"

Pius ya ẹnu, kò sì rántí pa á dé. "Màdáámù, mi ò rí ẹsẹ̀."

"Ọmọ onígun mẹ́rin!" ni Bàbá Sàkáríyà kígbe, ó lu itan.

"Irú ìyá wo ni?"

"Ó ga, ó ní èjí, òórùn òróró ólífì ń jáde lára rẹ̀. Ó ní Ìyá Tèmítáyọ̀ lòun, òkè àdúrà lòun sì ń lọ."

Wúràọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n: Hannah, ará Ìsẹ̀, tó wá ké ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn aláṣọ òféèfé kó ewúrẹ́ òun lọ. Tèmítáyọ̀ nìkan lọmọ rẹ̀. Tèmítáyọ̀ náà sì ti ní irùngbọ̀n.

*

Orí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti bá a. Ó gbé ìwé òfin kalẹ̀ níwájú, ó fi òkúta tẹ ojú ìwé tó ṣí kí atẹ́gùn má baà yí i, ó sì ń rìn yí i ká bí ẹni ń lé adìẹ.

"Ìwọ òfin tó gbé ewúrẹ́ mi mì! Bì wọ́n jáde! Tìyá-tọmọ ni kí o bì wọ́n!"

"Ìyá Tèmítáyọ̀, ẹ kú àdúrà," ni Wúràọlá wí.

"Ẹ má dí mi lọ́wọ́, ogun ń lọ lọ́wọ́."

"Ìwé yìí, ẹ jí i."

Hannah dúró, ó gbá ìdí mú. "Mi ò jí i. Ọmọ yẹn ò jẹ́ kí n yá a, mo bá gbé e wá síwájú ẹni tó ju ìjọba lọ. Bí mo bá ṣẹ́gun rẹ̀ tán, mà á dá a padà."

"Ta ló ní ojú ìwé yìí ló kó ewúrẹ́ yín?"

"Àwọn tó kó wọn. Ìwé Kẹfà, Orí Ọgọ́rin, bí wọ́n ṣe kà á sí mi létí nìyẹn. Èmi ò gbọ́ òyìnbó inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ ọgọ́rin? Mo ti fi òróró sàmì sí i."

Orí Ọgọ́rin. Ohun tí Bàbá Sàkáríyà náà sọ fún Wúràọlá nìyẹn lójú ọ̀nà, nígbà tí àwọn méjèèjì nìkan wà. Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ orí náà nílé ìkàwé. Wúràọlá bẹ̀rẹ̀, ó ka ibi tí òróró ta sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó sórí àpáta, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kí ló dé?" ni Hannah bi í. "Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá, ọkọ̀ ojú omi ni. Òfin àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò kọjá odò. Láti àná, ọlọ́kọ̀ odò lẹ ti ń bá jà."

Hannah wo ìwé, ó wo ojú ọ̀run. "Olúwa," ló wí, "ẹ má bínú sí wọn. Ibòmíràn ni mo fẹ́ ta á sí."

*

Oyèwọlé ti padà sórí àga rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Hannah jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Pius rí i, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Wúràọlá ṣẹ́jú sí i. Kọ́ńsítébù Joshua dúró níta, ó ń fi ìka nu ojú ọ̀kadà.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, ó ti sú mi," ni Wúràọlá wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìwé ò jáde. Bàbá yìí kàn ń tẹnu mọ́ Ìwé Kẹfà, Ìwé Kẹfà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ẹ ṣàánú wa. Kí ló tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ nípa ẹran?"

Inú ọkùnrin náà wú. Ó nà ró, ó fọwọ́ tún táì ṣe. "Kedere ni, Inspẹ́kítọ̀ mi. Orí Ọgọ́rin kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹran yòówù tó bá ń dààmú àlàáfíà ará ìlú…"

"Orí mélòó?"

"Ọgọ́rin."

"Ta ló dárúkọ ọgọ́rin fún yín? Nínú yàrá yìí, kẹfà nìkan ni a ń wí láti àárọ̀."

"Mo… mo ti kà á rí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá Tèmítáyọ̀, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀."

Hannah dìde, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú bí abiyamọ ṣe ń ṣe, ó tú ìró, ó gbé ìwé òfin bọ́ síwájú, ó sì gbé e lé Oyèwọlé lẹ́sẹ̀. Pius pariwo ayọ̀. Ó fẹ́ gbá ìwé náà mọ́ra, Wúràọlá ní kó dúró ná.

"Ẹ tún un kà fún wa, sà. Ibi tí òróró wà."

Oyèwọlé kà á sínú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó kà á síta, ohùn rẹ̀ ń tínrín sí i: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láìgba ìwé àṣẹ.

"Káńsílọ̀ mi ò lè wẹ odò," ni Bàbá Sàkáríyà wí, "ká má tilẹ̀ tíì sọ pé ó ń wa ọkọ̀!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń kàwé lẹ́yìn dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Wúràọlá dúró kó lọ sílẹ̀.

"Ẹ ò ṣí ìwé yìí rí," ló wí. "Ẹ jókòó síbí, ẹ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ rí kẹfà tí Pius lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sì rí nọ́ńbà àwọn orí tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀ bí ẹni ṣa ata, ẹ kọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín méjèèjì, torí ó dá yín lójú pé kò sẹ́ni tó máa wá wò ó. Nígbà tí a wá wò ó, ẹ̀rù bà yín, ẹ ti lọ́yà síwájú. Ibo làgbò wà?"

Gbogbo òpó ọ̀làjú wó. Oyèwọlé wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀yìnkùlé mi," ló wí.

*

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé Oyèwọlé, Káńsílọ̀ dúró láàárín àwọn ewúrẹ́ Hannah, ìwé ìròyìn ilé ìkàwé ló ń jẹ. Ó ti jẹ ojú ewé òṣèlú tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ eré bọ́ọ̀lù. Bàbá Sàkáríyà di ọrùn rẹ̀ mú. Joshua kó Oyèwọlé lọ sí àgọ́, ó sì mú àwọn géńdé méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Hannah ò gbà pé òun ṣe àṣìṣe kankan. "Mo ní kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ó tú u àbí kò tú u?" Wúràọlá ò bá a jiyàn. Ó kàn ní kó máa wá nu eruku pẹpẹ fún Pius ní ọjọ́ Sátidé, títí òróró yẹn yóò fi gbẹ lójú ìwé. Òróró ólífì kì í tètè gbẹ.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, Hàlímàt ti Ọ̀rún wá, ó gbé abọ́ ẹran díndín lérí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ti lọ́yà wà níbẹ̀, ti Inspẹ́kítọ̀ wà níbẹ̀, ti Pius ló pọ̀ jù.

Pius gba abọ́, ó dúpẹ́, ó kí i kú ọdún. Ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ló wí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan rin ọmọ náà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ ta ẹsẹ̀, ó kígbe ẹ̀rín títí gbogbo ilé ìkàwé fi gbójú sókè. Kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

"Ẹ máa wọlé," ni Pius wí.